Ta Ni Ó Ni Ẹ̀dà Àwo?

Ní ọdún 1996 ni Jörg Schilling, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, gbé cdrecord jáde, ètò kọ̀ǹpútà tí ó ń kọ orin sórí àwo CD. Àṣẹ tí a fi lẹ́tà tẹ̀ ni ó ń gbọ́. Ẹnikẹ́ni lè yẹ inú rẹ̀ wò, kí ó sì pín in. Nígbà tí Schilling yí ìwé àṣẹ rẹ̀ padà, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Ní 2006, ẹgbẹ́ Debian ya ẹ̀dà tiwọn sọ́tọ̀: wodim. Ọ̀fẹ́ pàápàá kò ṣàìní àṣẹ. Orin ńkọ́? Òfin Nàìjíríà ti 1988, tí ti 2022 rọ́pò, fún olórin ní ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀dà orin rẹ̀. Nítorí náà, ní Mahintẹ̀dó bí ní Èkó, irinṣẹ́ ni ọ̀fẹ́. Orin ní ẹni tí ó ni ín.