Irinṣẹ́ Rírà àti Irinṣẹ́ Àfọwọ́ṣe: Ilé Iṣẹ́ Irin Inú Àgbàlá ní Ìlọrin, láti Ẹnu Ẹwìrì dé Táíwò Road

Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn òpìtàn ni pé iṣẹ́ irin ilẹ̀ Yorùbá kú nígbà tí irin òyìnbó dé. Ìdajì ọ̀rọ̀ náà ni òtítọ́. Ohun tí ó kú ni irin sísun, èyíinì ni yíyọ irin láti inú òkúta ilẹ̀. Irin rírọ kò kú. Ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ náà ṣí kúrò lẹ́nu ẹwìrì, ó bọ́ sí ẹ̀bá títì, ó sì gba orúkọ mìíràn: jórinjórin, panẹ́bítà, aṣelẹ̀kùn onírin. Bí alágbẹ̀dẹ bá ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ojú kan tí àpilẹ̀kọ yìí yóò máa lù ni irinṣẹ́ tí ó wà nínú ilé iṣẹ́ kékeré inú àgbàlá: èwo ni oníṣẹ́ rà, èwo ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, kí sì ni ìdí rẹ̀.

Ìlọrin yẹ fún irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ju bí ènìyàn ti lè rò lọ. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ìlú náà sọ pé láti ara òkúta kan ni orúkọ rẹ̀ ti wá, òkúta tí ọdẹ kan tí ń jẹ́ Òjó máa ń pọ́n irin lé lórí ní Ìdí-Àpẹ: òkúta ìlọ irin. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè jiyàn lórí ìtàn náà. Ohun tí ó ṣe kókó níhìn-ín ni irú irinṣẹ́ tí ìtàn náà yàn. Kì í ṣe ohun rírà, kì í sì í ṣe àfọwọ́ṣe. Ohun tí a bá nílẹ̀ ni, tí ojú ọlọ́gbọ́n rí ìwúlò rẹ̀. Irinṣẹ́ àbánílẹ̀ yìí yóò tún yọjú nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé orí ojú irin àti ọkọ̀.

Ohun tí alágbẹ̀dẹ àtijọ́ ń rà

Àwọn kan rò pé alágbẹ̀dẹ ayé àtijọ́ ni ó ń ṣe gbogbo ohun èlò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Irin pàápàá, rírà ni. Àwọn ìlú díẹ̀ ni ó ń sun irin, bí Ìsúndúnrìn ní agbègbè Èjìgbò, ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ ibòmíràn kò sì rí ojú ìléru rí. Ní ọdún 1904 ni C. V. Bellamy tẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde nípa ilé ìsunrin kan nítòsí Ọ̀yọ́. Ní ọdún 1977 ni iṣẹ́ Adéníji lórí irin wíwà àti irin sísun jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá ka méjèèjì yóò rí i pé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni ti asunrin, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ sì ni ti alágbẹ̀dẹ, ọjà ni ó so wọ́n pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹwìrì: agbẹ́gi ni ó gbẹ́ igi rẹ̀, ara ewúrẹ́ ni awọ rẹ̀ ti wá, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ̀pá tí atẹ́gùn ń gbà wọ inú iná. Èédú náà ní àwọn tí ń dáná sun ún tà.

Ohun tí alágbẹ̀dẹ ń rọ fún ara rẹ̀ ni èyí tí ọwọ́ rẹ̀ yóò dì mú: ọmọ owú, irin tí a fi ń gé irin, irin tí a fi ń lu ihò, pàápàá jù lọ ẹ̀mú. Ìdí rẹ̀ kò le. Ẹnu ẹ̀mú gbọ́dọ̀ bá ohun tí yóò mú mu. Ẹ̀mú tí ó di ọkọ́ mú ṣinṣin, ọfà yóò yọ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Irin gbígbóná tí ó bá sì yọ bọ́ kì í mọ ẹni tí ó ni ilé. Nítorí náà ni alágbẹ̀dẹ kan fi ń ní ẹ̀mú mẹ́rin tàbí márùn-ún. Rírọ ẹ̀mú sì jẹ́ ìdánwò gidi fún ọmọ iṣẹ́, nítorí apá méjì ni, wọ́n gbọ́dọ̀ dọ́gba, ìṣó tí ó so wọ́n pọ̀ kò gbọdọ̀ le jù, kò sì gbọdọ̀ dẹ̀ jù.

Òfin kan ti hàn nínú èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀: ohun tí ó gba iná tàbí ìmọ̀ tí kò sí nínú àgbàlá, alágbẹ̀dẹ a rà á, ohun tí ó gbọ́dọ̀ bá iṣẹ́ àti ọwọ́ oníṣẹ́ mu, a ṣe é. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, kò tọ́ kí a máa ka ìtàn irinṣẹ́ sí ìjà láàárín ti ilẹ̀ wa àti ti òkèèrè. Àgbẹ̀dẹ ti ń ra nǹkan kí òyìnbó tó dé.

Ojú irin àti ọkọ̀

Àwọn ọmọ ogun ilé iṣẹ́ Royal Niger Company ṣẹ́gun Ìlọrin ní ọdún 1897. Ojú irin láti Èkó dé ìlú náà ní ọdún 1908, ó sì dé Jẹ́bà ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Irin òyìnbó tí ó ti ń gòkè díẹ̀díẹ̀ láti etí òkun wá di ohun tí ó pọ̀, tí owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Ibi tí ìléru àwọn asunrin ti pàdánù nìyẹn. Alágbẹ̀dẹ ní tirẹ̀ jèrè lọ́nà méjì: ó rí irin rà ní ẹ̀dínwó, ó sì rí àlòkù.

Ègé ojú irin kan, bí a bá rì í mọ́ kùkùté igi, owú tí ó dára ni. Ó wúwo, orí rẹ̀ tẹ́jú, ó le tó láti gba ìlù fún ọdún gbọọrọ. Kò sí ẹni tí ó ṣe é fún àgbẹ̀dẹ, bí kò ti sí ẹni tí ó ṣe òkúta Ìdí-Àpẹ fún ọdẹ. Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù sì gba ojú títì, pàápàá lẹ́yìn ogun tí ó parí ní ọdún 1945, irin sípíríǹgì wọn di ohun tí àgbẹ̀dẹ ń wá kiri. Irin lásán, irú èyí tí a fi ń kọ́lé, kì í le bí a tilẹ̀ tì í bọ omi nígbà tí ó pọ́n, nítorí kábọ̀nù inú rẹ̀ kéré. Ti sípíríǹgì ọkọ̀ tó nǹkan bí ìdá 0.6 nínú 100. Bí a bá mú un gbóná dé ojú pupa, tí a sì rì í sínú epo, yóò le koko, yóò sì máa ṣẹ́ bí àwo. A ó tún un gbé súnmọ́ iná díẹ̀díẹ̀, a ó máa wo ojú rẹ̀ tí a ti pọ́n: ojú náà yóò kọ́kọ́ dà bí koríko gbígbẹ, yóò di elésè àlùkò, yóò wá di aró. Irin ìgérin, ibi elésè àlùkò ni kí a ti dá a dúró.

Báwo ni alágbẹ̀dẹ ṣe ń mọ èyí tí ó ní kábọ̀nù nínú òkìtì àlòkù? Ó ń fi í kan òkúta ìlọrin, ó sì ń wo iná tí ó ń ta. Ti irin lásán a ta gbọọrọ. Ti irin líle a fọ́n ká bí ìràwọ̀. Ẹ̀rọ iná mànàmáná ni ó ń lọ irin lónìí, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò náà kò yí padà.

Táíwò Road

Wọ́n dá ìpínlẹ̀ tí ó wá di Kwara sílẹ̀ ní ọdún 1967, Ìlọrin sì di olú ìlú rẹ̀. Ní ọdún 1968 ni ìdídò Kainji bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè iná. Òṣìṣẹ́ ìjọba ń dé, ilé ń pọ̀, ilé tuntun sì ń fẹ́ géètì, irin ojú fèrèsé àti ilẹ̀kùn onírin. Ọkọ̀ náà pọ̀ sí i, pàápàá lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní ọdún 1975. Nínú ìgbòkègbodò yìí ni Ibrahim Taiwo Road, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Táíwò Road, ti di ọ̀nà ọjà, láti Táíwò Òkè dé Táíwò Ìsàlẹ̀. Orúkọ Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ibrahim Taiwo ni ó ń jẹ́, gómìnà ológun Kwara tí wọ́n pa nínú ìdìtẹ̀ oṣù kejì ọdún 1976. Oníṣẹ́ irin rí ohun méjì lẹ́bàá irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀: ìsọ̀ tí ó ti lè ra irinṣẹ́ àti ẹ̀yà ọkọ̀, àti ọkọ̀ tí ó ti bàjẹ́.

Ẹni tí ó bá fẹ́ dá irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà nínú àgbàlá, òfin àtijọ́ ni ó ń tẹ̀ lé, bí kò tilẹ̀ mọ̀. Ó ń ra fáìlì. Alágbẹ̀dẹ mọ bí a ti ń mú irin le, ṣùgbọ́n gígé ọgọ́rọ̀ọ̀rún eyín tí ó dọ́gba sójú irin kan jẹ́ iṣẹ́ odidi ìdílé. Ní Sheffield pàápàá, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gé e títí di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tí ń gé e kì í sì í ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ó ń ra irin ìlu ihò, ayùn ìgérin, ọ̀pá ìjórin àti dígí dúdú tí yóò dáàbò bo ojú rẹ̀. Ohun tí ó ń ṣe fúnra rẹ̀ ni tábìlì irin, ohun ìdìmú lóríṣiríṣi, àti pátákó irin tí ó gbin ìṣó sí, èyí tí yóò máa fi ká ọ̀pá irin sí òdòdó àti ìlọ́po fún ojú fèrèsé. Pátákó ìkárin yìí yẹ fún àfiyèsí. Kò sí ìsọ̀ tí ó lè tà á, nítorí àrà tí oníbàárà ń fẹ́ ni ìṣó rẹ̀ ń tẹ̀ lé. Nígbà tí fáìlì bá kú, a ó rọ ọ́ di ọ̀bẹ tàbí irin ìháhò: ohun rírà ti di àfọwọ́ṣe nìyẹn.

Tíráńsífọ́mà ìjórin ni iṣẹ́ tí ó gba orí jù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó sọ fóòtì 220 inú ilé di nǹkan bí 50 sí 80, kí ó sì sọ agbára ìṣàn iná di èyí tí ó ju áńpù 100 lọ, tí yóò lè yọ́ irin. Àwọn oníṣẹ́ ní Nàìjíríà ń to pẹlẹbẹ irin léra, wọ́n ń wé wáyà bàbà mọ́ ọn, wọ́n ń ka ìwé wáyà náà bí ẹni ka owó ẹyọ. Lẹ́yìn ọdún 1986, nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé bẹ̀rẹ̀ tí iye náírà sì já wálẹ̀, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tún níyì sí i. Ní ọdún 1985 náírà kan ju dọ́là kan lọ. Ní ìparí ọdún 1989 dọ́là kan ti ju náírà méje lọ. Ṣùgbọ́n àṣìṣe ni láti sọ pé ọ̀wọ́n gógó ni ó bí irinṣẹ́ àfọwọ́ṣe. Ó mú un pọ̀ ni. Kò dá a sílẹ̀.

Nígbà kan náà, ìjọba ń kọ́ ilé iṣẹ́ irin ńlá ní Ajaokuta, èyí tí ó wà nínú ìpínlẹ̀ Kwara títí wọ́n fi dá Kogi sílẹ̀ ní ọdún 1991. Ọdún 1979 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, wọ́n sì pinnu pé mílíọ̀nù 1.3 tọ́ọ̀nù ni yóò máa mú jáde lọ́dún. Fún ogójì ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìléru ńlá rẹ̀ kò sun irin kankan. Àwọn tí ó kọ̀wé nípa ìdàgbàsókè irin ní Nàìjíríà sábà máa ń dá ojú bo Ajaokuta, wọn kì í yà sábẹ́ àtíbàbà.

Àgbá kábáìdì

Síbẹ̀ kò yẹ kí ìyìn àfọwọ́ṣe bo ewu rẹ̀ mọ́lẹ̀. Òfin rírà àti ṣíṣe ní ibi tí ó ti ń já, ibẹ̀ sì ni àgbá gáàsì àwọn panẹ́bítà. Oníṣẹ́ ń ra àgbá ọ́síjìn, rọ́bà àti ẹnu iná. Gáàsì kejì, ó ń pèsè rẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú àgbá tí ó jó pọ̀, níbi tí omi ti ń kan kábáìdì. Gáàsì asẹ́tílìnì yóò jáde, ẹfun ni yóò kù nílẹ̀. Iná tí ó ń ti ẹnu irinṣẹ́ yìí jáde ju 3,000°C lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni irin ń yọ́ ní 1,538°C.

Ẹ̀mú tí kò dára yóò jábọ́. Àgbá kábáìdì tí kò dára yóò bú. Bí a bá tẹ gáàsì yìí ju ìwọ̀n póùn 15 lórí ínǹṣì kan níbùú lóròó lọ, ó lè bú fúnra rẹ̀ láìsí atẹ́gùn. Bí páìpù bàbà bá wà níbẹ̀, gáàsì àti bàbà a bí ohun mìíràn tí ìlù díẹ̀ lè mú bú. Bí iná bá sì sá padà gba inú rọ́bà, àgbá ni ó ń lọ. Àtúnṣe ti ìgbẹ̀yìn yìí kò wọ́n: ìkòkò irin kékeré kan láàárín àgbá àti rọ́bà, tí páìpù tí ó ti inú àgbá wá rì sínú omi rẹ̀. Gáàsì lè la omi kọjá. Iná kò lè là á padà. Iṣẹ́ òwúrọ̀ kan ni fún jórinjórin. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá tí ó mọ ìdí rẹ̀ kì í fi í sílẹ̀. Ẹni tí ó kàn fi ojú wò ó lẹ́bàá títì, tí ó sì lọ ṣe irú rẹ̀, rí àgbá, ó rí páìpù, kò rí ohun tí omi ń ṣe níbẹ̀.