Ta Ni Aṣọ́de Ń Jábọ̀ Fún? Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ìlú ní Ilẹ̀ Yorùbá láti Ayé Oníbodè dé Ayé Àmọ̀tẹ́kùn

Ní ọjọ́ 9 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà ṣí ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ tí Abubakar Malami, agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba àpapọ̀, fi kéde pé ẹgbẹ́ náà kò bófin mu. Ariwo sọ nílé lóko. Àwọn kan ń tọ́ka sí ìwé òfin, àwọn mìíràn ń sọ pé ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í béèrè àṣẹ kó tó bu omi. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó dàgbà ju òfin Nàìjíríà lọ, òun ni kò sì rí ẹni dá a lóhùn nínú ariwo náà: ẹni tí a gbé ohun ìjà lé lọ́wọ́ pé kó máa ṣọ́ ìlú, ta ni yóò máa jábọ̀ fún, ta ni ó sì lágbára láti gba ohun ìjà náà padà bí ó bá ṣì í lò?

Ìlú Yorùbá ayé àtijọ́ kò ní ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n kò sí ìlú tí kò ní ẹ̀ṣọ́. Odi àti yàrà yí ìlú ká. Oníbodè jókòó sẹ́nu ibodè, ó ń gba owó ibodè lọ́wọ́ oníṣòwò, ó sì ń mọ ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde. Àlejò tó bá wọ ìlú gbọ́dọ̀ ní onílé tí yóò dúró fún un. Nínú agbo ilé, ọrùn baálé ni ìwà ará ilé wà; bí ọmọ ilé bá jalè, baálé ni ìlú yóò kọ́kọ́ ké sí. Lóru, àwọn ọdẹ a máa ṣọ́de, bí ọ̀ràn bá sì le, wọ́n a sé ìlú kí Orò lè jáde. Ní ààfin, ìránṣẹ́ ọba wà lọ́tọ̀: Ìlàrí ní Ọ̀yọ́, tí a máa ń dá mọ̀ nípa fífá apá kan orí wọn, àti Ẹmẹsẹ̀ ní Ifẹ̀. Ti ogun tún yàtọ̀. 70 ni àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ọ̀yọ́ nínú ìtàn tí Samuel Johnson kọ.

Ohun tó yẹ kí a kíyè sí ni pé iṣẹ́ ààbò kò sí lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn ọdẹ ní Olúọdẹ wọn, Olúọdẹ ń jábọ̀ fún àwọn ìjòyè, ọba pàápàá sì ní àwọn tó lè bá a wí: Ọ̀yọ́ Mèsì ní Ọ̀yọ́, Ògbóni láàárín àwọn Ẹ̀gbá, Òṣùgbó láàárín àwọn Ìjẹ̀bú.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a sọ ayé náà di ọ̀run. Níbi tí okùn ìjábọ̀ yìí bá ti já, ìnira ni ó máa ń dé. Àpẹẹrẹ tó hàn jù ni ti àwọn ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn rán lọ sí àwọn ìlú tó ṣẹ́gun ní Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Ìbàdàn tó jìnnà ni ajẹ́lẹ̀ ń jíṣẹ́ fún, kì í ṣe ìlú tó ń jókòó tì. Òun àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń kó ẹran, ń kó iṣu, wọn kò sì bọ̀wọ̀ fún obìnrin ilé ẹlòmíràn. Ní 1878, Fábùnmi pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní Òkèmẹ̀sí, Ogun Kírìjì sì gbóná débi pé àwọn jagunjagun kò tú ká títí di 1893.

Òyìnbó tó gba Èkó ní 1861 mọ ohun tó ń ṣe nígbà tó fẹ́ yan ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀. Láti nǹkan bí 1863, John Glover, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà, kó àwọn Hausa tó sá kúrò lóko ẹrú ní àárín ilẹ̀ Yorùbá jọ, ó fún wọn ní aṣọ àti ìbọn. Inú bí àwọn olówó wọn, wọn kò sì yé ké gbàjarè. Ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀ rọrùn láti rí: ọkùnrin tí kò ní iyèkan nínú ìlú kò ní bojú wo ẹnikẹ́ni. Kò ní baálé tí yóò pè é sẹ́yìn, bí Gólóbà bá sì kọ̀ ọ́, kò síbi tí yóò sá sí. Irú ọmọ ogun bẹ́ẹ̀ ni Òyìnbó kó lọ bá Ìjẹ̀bú jà ní Ìmàgbọn ní 1892, ọwọ́ wọn náà ni ọ̀gágun Bower fi yìnbọn lu Ọ̀yọ́ ní 1895. Ní 1896 ni a ya ọlọ́pàá Èkó sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ ogun. Ọ̀pá tí irú ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń mú lọ́wọ́ ló fún un lórúkọ tó ń jẹ́ títí di òní.

Nígbà tí ìjọba amúnisìn fìdí múlẹ̀ lókè, ó padà sọ́dọ̀ ọmọ ìbílẹ̀. Abẹ́ ọba ni ó fi akọ́dà sí. Akọ́dà ń jíṣẹ́ kóòtù ìbílẹ̀, ó ń mú arúfin, ó ń tẹ̀lé àwọn agbowó-orí. Ọmọ ìlú ni, ó gbọ́ èdè, ó mọ ilé onílé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ìlú fi ń bá ọba wí tẹ́lẹ̀ ti dí, nítorí Ajẹ́lẹ̀ Òyìnbó ti dúró sẹ́yìn ọba. Ìdí nìyí tí àwọn tó ṣọ̀tẹ̀ ní Òkèehò àti Ìsẹ́yìn ní 1916 fi kọjú ìjà sí kóòtù ìbílẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Àṣìṣe ni ti àwọn òǹkọ̀wé tó gbà pé jíjẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ nìkan tó láti sọ ẹ̀ṣọ́ di ẹni rere. Ọmọ ìbílẹ̀ ni akọ́dà.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Igbe ọdún 1930, a da ọlọ́pàá ìhà àríwá àti ti gúúsù pọ̀ di ọlọ́pàá Nàìjíríà kan. Ọlọ́pàá ìbílẹ̀ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nígbà tí Ìwọ̀-Oòrùn sì di ẹkùn tó ń dá ìjọba ara rẹ̀ ṣe, wọ́n bọ́ sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé wọ́n bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú. Láti ìgbà tí ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ nínú Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ní 1962, ìròyìn bí ọlọ́pàá ìbílẹ̀ ṣe ń mú alátakò kún ilẹ̀. Ìdìbò oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1965 ló wá tú gbogbo rẹ̀ síta. Ilé ń jó, ènìyàn ń jó, ẹni tó yẹ kí ará ìlú sá bá ni wọ́n ń sá fún. Nígbà tí ológun gbàjọba ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1966, ìwọ̀nba ènìyàn ló bá ọlọ́pàá ìbílẹ̀ kẹ́dùn, láàárín ọdún díẹ̀ a sì pa wọ́n rẹ́ sínú ọlọ́pàá àpapọ̀. Òfin 1979 àti ti 1999 kan ìṣó mọ́ ọn: ẹ̀ka 214 nínú ti 1999 sọ pé ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni Nàìjíríà yóò ní.

Òfin lè dá ọlọ́pàá dúró sí ọ̀kan, kò lè dá olè dúró. Àwọn onílé kó owó jọ, wọ́n háyà ọdẹ aṣọ́de pẹ̀lú ìbọn ṣakabùlà àti fèrè, wọ́n sì fi géètì sẹ́nu òpópónà, bí ẹni tún oníbodè dá. Ẹgbẹ́ OPC tí Frederick Fáṣeun dá sílẹ̀ ní 1994, lẹ́yìn tí ìjọba ológun fagi lé ìdìbò ọjọ́ 12 oṣù Òkúdu 1993, wá di ẹgbẹ́ tó ń lé olè kiri. Ọ̀pọ̀ àdúgbò dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn mìíràn rí i bí a ṣe ń dájọ́ ikú fún ẹni tí adájọ́ kò rí.

Ohun tó bí Àmọ̀tẹ́kùn kò ṣòro láti tọ́ka sí. Ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ 2015, a jí Olóyè Olú Fálaè gbé nínú oko rẹ̀. Ní oṣù Agẹmọ 2019, a pa Fúnkẹ́ Ọlákùnrin, ọmọ Reuben Fáṣọ̀ràntì tó jẹ́ olórí Afẹ́nifẹ́re, lójú títì ìhà Ọ̀rẹ̀. Àgbẹ̀ tí kò lórúkọ nínú ìwé ìròyìn pọ̀ ju wọ́n lọ. Lẹ́yìn ìpàdé pẹ̀lú Ìgbákejì Ààrẹ, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, àdéhùn wáyé pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe òfin tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní ọ̀kan ṣe di ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èkó kò tilẹ̀ pa ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ àdúgbò tó ní tẹ́lẹ̀ tì. Àwọn ọdẹ wọlé, àwọn ọmọ OPC wọlé, àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò náà wọlé. Wọ́n mọ igbó, wọ́n mọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀, èyí tí ọlọ́pàá tí a gbé wá láti ọ̀nà jíjìn kò lè mọ̀ kó tó di pé a tún gbé e lọ.

Síbẹ̀, ìmọ̀ igbó ní ibi tó mọ. Ní òru ọjọ́ 5 oṣù Òkúdu 2021, àwọn agbébọn wọ Ìgàngàn ní Ìbàràpá, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì dáná sun ààfin. Ọdún kan gééré lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 5 oṣù Òkúdu 2022, wọ́n pa àwọn olùjọsìn nínú ìjọ Àgùdà ní Ọ̀wọ̀. Gómìnà Rótìmí Akérédolú ti Òǹdó béèrè ìdí tí a kò fi ní jẹ́ kí Àmọ̀tẹ́kùn gbé irú ìbọn tó wà lọ́wọ́ àwọn apànìyàn. Ìjọba àpapọ̀ kò gbà. Ní oṣù Èrèlé 2024, Ààrẹ àti àwọn gómìnà jọ jókòó lórí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀. Àwọn tó fara mọ́ ọn ń ka orúkọ Ìgàngàn àti Ọ̀wọ̀. Àwọn tó ń takò ó ń béèrè ohun tí gómìnà yóò fi irú ọlọ́pàá bẹ́ẹ̀ ṣe bí ìdìbò bá dé, ọdún 1965 ni wọ́n sì ń fi ṣe ẹ̀rí.