Láti ẹnu Bàbá Ẹlẹ́gùn dé inú fáìlì: ìtàn ìtọ́jú ohun tí a ń gbọ́ ní Kétu

1. Ìbéèrè tí bàbá kan bi mí

Ní ọdún àkọ́kọ́ iṣẹ́ dókítà mi, mo lọ sí agbo ilé kan ní Kétu láti gba ìtàn ìdílé sílẹ̀. Mo kí àwọn àgbà, mo sì sọ ohun tí mo bá wá. Bàbá tí ó jókòó sí àárín wọn gbọ́ mi tán, ó ní: «Ọmọ mi, ẹnì kan ti wá gba ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu bàbá mi rí. Kásẹ́ẹ̀tì ni ó fi gbà á. Níbo ni kásẹ́ẹ̀tì náà wà? Bàbá mi ti kú. Ohùn rẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́.»

Mo ní, «Bàbá, ẹ jẹ́ kí n lọ wá a.» Mo wá a lóòótọ́. Mo rí ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà náà kọ láti fi gba oyè. Orúkọ bàbá náà wà lẹ́yìn ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n jọ sọ̀rọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì ni kò sí. Ẹ̀ka tí akẹ́kọ̀ọ́ náà ti ṣiṣẹ́ ti kó kúrò nílé kan sí òmíràn, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ bí ẹnikẹ́ni tilẹ̀ ti ní kí ó kó kásẹ́ẹ̀tì wá rí. Èmi kò dá ẹnì kan lẹ́bi. Òfin kò sí, ẹni tí iṣẹ́ náà já lé léjìká kò sí, àyè ìpamọ́ kò sí.

Àìsí nǹkan mẹ́ta yìí ni àwọn yunifásítì òde òní ń gbìyànjú láti fi ètò ìtọ́jú dátà ìwádìí wò sàn, èyí tí àwọn elédè Faransé ń pè ní plan de gestion de données. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ìwé kan ni, tí àwọn tí ń náwó sí ìwádìí fi ń yọ wá lẹ́nu. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn níbí ni pé Kétu ti ní irú ètò bẹ́ẹ̀ kí ìwé tó dé, àti pé ìtàn ìlú náà kọ́ wa ní ohun tí ètò tiwa gbọ́dọ̀ ní.

2. Ètò tí kò ní ìwé

Ní Kétu, ìdílé kan ni a fi ìtàn ìlú lé lọ́wọ́. Olórí ìdílé náà ń jẹ́ oyè Bàbá Ẹlẹ́gùn. Òun ni ó gbọ́dọ̀ mọ orúkọ àwọn Alákétu àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà ayé wọn sórí. Bàbá a máa kọ́ ọmọ. Nígbà tí wọ́n bá ń fi Alákétu tuntun jẹ, Bàbá Ẹlẹ́gùn a ka ìtàn náà ní gbangba. Bí ó bá kà á já láìdúró, àmì rere ni fún ìgbà ọba náà. Bí ó bá gbàgbé tàbí tí ó fo ibì kan, àwọn òrìṣà lè bínú.

Ẹ jẹ́ kí a wo ètò yìí bí òṣìṣẹ́ àkójọ ìwé ṣe máa wò ó. Ẹni tí ń tọ́jú ni orúkọ oyè. A mọ ẹni tí yóò gbà á lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ ìyẹ̀wò wà, ìyẹn ọjọ́ ìfọbajẹ, lójú àwọn ìjòyè tí àwọn náà mọ díẹ̀díẹ̀ nínú ìtàn. Ìjìyà wà fún àṣìṣe. Ọ̀pọ̀ ètò tí à ń kọ lónìí kò ní ju méjì lọ nínú mẹ́rin yìí.

Ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ ni pé orí ènìyàn díẹ̀ ni gbogbo ẹrù wà. Ní 1886, ogun Dàhòmì fọ́ Kétu, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ará ìlú lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Àgbómẹ̀, ní 1894, ni wọ́n tó tún Kétu dá sílẹ̀. Ẹni tí ó gbé ìtàn sínú lè kú sójú ogun tàbí ní oko ẹrú, ohun tí ó bá a lọ kò sì ní ẹ̀dà.

3. Àwọn tí ó kọ ọ́ sílẹ̀

Samuel Crowther dé Kétu ní 1853. Ẹgbẹ́ ìjọ rẹ̀, CMS, ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa kọ ohun tí wọ́n rí lójoojúmọ́, kí wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí London. Wọ́n pa àwọn ìwé wọ̀nyẹn mọ́. Yunifásítì Birmingham ni àkójọ CMS wà lónìí. Ẹ wo ohun tí ó yani lẹ́nu níbẹ̀: ìwé ọjọ́ òjíṣẹ́ ìjọ tí ó rin ìrìn àjò ní 1853 ṣì ṣeé kà, kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbà ní ìgbà ayé àwọn òbí wa sì ti sọnù. Ọgbọ́n Crowther nìkan kọ́ ni ó fa ìyàtọ̀ náà. Òfin kan wà tí ó ní kí ó kó ìwé wá, ilé kan sì wà tí ó gbà á.

Ní ọ̀rúndún 20, Parrinder tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìtàn Kétu jáde ní 1956. Iṣẹ́ Édouard Dunglas tẹ̀ lé e nínú Études dahoméennes ní 1957 àti 1958. Àlùfáà Thomas Moulero, ọmọ Kétu, tí wọ́n fi joyè àlùfáà ní 1928, gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn àgbà Kétu àti Ṣábẹ, ó sì kọ ọ́. A jẹ wọ́n ní gbèsè. Ṣùgbọ́n ìwé tí a tẹ̀ jẹ́ òpin iṣẹ́. Ẹni tí ó sọ̀rọ̀, ìbéèrè tí wọ́n bi í, ohun tí ẹlòmíràn sọ tí kò bá a mu: inú ìwé àkọsílẹ̀ àti kásẹ́ẹ̀tì ni ìwọ̀nyí ń wà.

Ní 1968, Philip Curtin kọ̀wé nínú Journal of African History pé ẹni tí ó bá gba ọ̀rọ̀ ẹnu sílẹ̀ gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀, kí ó sì fi í sí ibi tí àwọn mìíràn yóò ti lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ní 1973, David Henige fi hàn pé ohun tí a tẹ̀ sínú ìwé a máa padà sí ẹnu àwọn àgbà, bí ẹni pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni. Láìsí ohùn àkọ́kọ́, báwo ni a ṣe máa mọ èyí tí ó jẹ́ ti baba àti èyí tí ó jẹ́ ti Dunglas?

4. Òfin àwọn tí ń náwó

Láti oṣù kìíní 2011, NSF ti Amẹ́ríkà ti ń béèrè ètò ìtọ́jú dátà lọ́wọ́ ẹni tí ó bá tọrọ owó ìwádìí. Ní ilẹ̀ Faransé, ANR bẹ̀rẹ̀ sí béèrè rẹ̀ ní 2019, láàárín oṣù mẹ́fà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀. Ìlànà FAIR ti 2016 ní kí dátà ṣeé rí, kí ó ṣeé dé ìdí rẹ̀, kí ó lè bá ti ẹlòmíràn ṣiṣẹ́, kí ó sì ṣeé tún lò. Ní 2019 ni CARE dé: àwọn tí ọ̀rọ̀ wá láti ẹnu wọn gbọ́dọ̀ jèrè, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ní àṣẹ lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ CARE yìí ni ó kan wa jù. Nínú ìtàn ìdílé ní Kétu, a lè gbọ́ pé ẹrú ni baba ńlá lágbájá, tàbí pé ilẹ̀ tí àwọn kan ń ro kì í ṣe tiwọn. Bí mo bá gbé irú ohùn bẹ́ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo lè dá ìjà sílẹ̀ tí èmi kò ní sí níbẹ̀ láti parí. Òfin orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ náà, Code du numérique ti oṣù kẹrin 2018, dáàbò bo ọ̀rọ̀ nípa ẹni. Ṣíṣí gbogbo nǹkan sílẹ̀ kì í ṣe ìtọ́jú.

5. Ohun tí ètò tiwa yẹ kó ní

Mo dá a lábàá pé kí gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ gba oyè ní ẹ̀ka wa kọ ojú ìwé méjì kí ó tó jáde lọ sí ìgbèríko, kí ó sì dáhùn ìbéèrè márùn-ún. Ta ni yóò tọ́jú ohùn yìí, ní orúkọ ipò, kì í ṣe ní orúkọ ènìyàn? Níbo ni ẹ̀dà mẹ́ta yóò wà? Nígbà tí iná jó ilé ìkàwé Jagger ní yunifásítì Cape Town ní oṣù kẹrin 2021, ohun tí ó ní ẹ̀dà níbòmíràn kò bá a lọ. Kí ni ẹni tí ó sọ̀rọ̀ gbà kí a ṣí, kí sì ni ó ní kí a tì? Nígbà wo ni a ó yẹ fáìlì náà wò, bí wọ́n ṣe ń yẹ Bàbá Ẹlẹ́gùn wò? Ọjọ́ wo sì ni ẹ̀dà yóò padà sí agbo ilé tí ó ti wá?

Ìbéèrè karùn-ún yìí kì í sábà sí nínú fọ́ọ̀mù àwọn tí ń náwó. Bàbá tí mo bá pàdé ni ó kọ́ mi. Mo padà lọ bá a, mo sọ òtítọ́ fún un pé èmi kò rí ohùn bàbá rẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó pe ọmọkùnrin rẹ̀ kan, ó ní kí ó jókòó tì wá, kí ó gbọ́, kí ó sì mọ ibi tí mo ń gbé tirẹ̀ lọ. Lẹ́yìn èyí ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀.