Ohun Tí Wọ́n Rí ní Ifẹ̀ ní 1971

Ní 1971, Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti Isaacs, olùwádìí ní Yunifásítì Ifẹ̀, tẹ iṣẹ́ kan jáde. Wọ́n fi omi gbòǹgbò orín ata sí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ bíi dòjé sì padà di róbótó. Orín tí àwọn bàbá wa ń rún láràárọ̀ ni o.

Oní-SS ni mí, àrùn yìí ló ń bá mi jà, mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, n kì í sì í rántí ọ̀rọ̀ yìí kí inú má bí mi. Lásìkò yẹn gan-an, àwọn dúdú Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi ọkọ̀ ẹrú kó àwọn baba ńlá wọn láti etíkun wa, ń pariwo pé ìjọba kò ka àrùn yìí sí. Ẹgbẹ́ Black Panther ń yẹ ẹ̀jẹ̀ aráàlú wò lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tó di 1972, Ààrẹ Nixon fọwọ́ sí òfin tó yọ owó sọ́tọ̀ fún un. Owó ìjọba náà ni wọ́n fi ṣe ìdánwò tó fi hàn ní 1995 pé hydroxyurea ń dín ìrora kù.

Ifẹ̀ ńkọ́? Títí dòní, dókítà kankan kò kọ oògùn orín ata fún mi rí.

Èyí tó dùn mí jù ni ti oògùn ìbílẹ̀ kan, Niprisan. Rẹ́fúrẹ́ndì P. O. Ogunyale ló gbé àgbo ìdílé rẹ̀ wá fún NIPRD, ilé-iṣẹ́ ìwádìí oògùn ìjọba àpapọ̀ ní Abuja: iyèré, kànáfùrù, igi osùn àti ewé ọkà bàbà. Kò sí èyí tí ìyá eléwé ọmọ kò mọ̀ níbẹ̀. Charles Wambebe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò lára aláìsàn; àbọ̀ ìdánwò wọn tó jáde ní 2001 sọ pé ìrora líle kì í kọlù wọ́n léraléra bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ibi tó yẹ kí ìjọba ti tọwọ́ bàpò nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní 2002, Xechem, ilé-iṣẹ́ kékeré kan láti New Jersey, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ní July 2006, Ààrẹ Ọbásanjọ́ fi oògùn náà hàn fáyé. Ó ti ń jẹ́ Nicosan. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bá mi wá a rà, mo sì rí ìsinmi díẹ̀. Nígbà tó di 2008, gbèsè wó Xechem, oògùn náà sì wọ́n bí ojú.

N kò sọ pé ó ń wo àrùn yìí sàn. Ìdánwò tó gbòòrò ló yẹ kó sọ ìyẹn fún wa. Ta ni kó wá sanwó rẹ̀, bí kì í bá ṣe ìjọba ilẹ̀ tí wọ́n ti ń bí nǹkan bí 150,000 ọmọ oní-SS lọ́dọọdún? Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Akínyanjú kò dúró de ìjọba. Òun ló dá àjọ Sickle Cell Foundation sílẹ̀ l'Ékòó ní 1994.

Ní December 2023, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú tuntun kan fún àrùn wa, Casgevy, mílíọ̀nù 2.2 dọ́là fún ẹnì kan. Níbí, folic acid àti Paludrine ni wọ́n ń dì fún àwọn ọmọ tí a jọ ń jókòó ní kíníìkì. NIPRD ṣì wà ní Abuja, iyèré àti osùn ṣì wà lọ́jà. Owó ìdánwò tó gbòòrò yẹn ni mo ń béèrè, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìṣúná lọ́dọọdún, títí àbọ̀ rẹ̀ yóò fi jáde.