Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń dí àlàfo inú àkọsílẹ̀, àti ibi tí kò ti lè dí i

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wa, yálà ní Òkè Ọya tàbí lápá ìsàlẹ̀, ló ní ìwé ńlá kan lọ́wọ́ akọ̀wé: orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ lápá òsì, oṣù lókè, owó láàárín. Ìwé yìí ni òjò máa ń pa, òun ni eku máa ń jẹ, òun náà ló sì máa ń dá ìjà sílẹ̀ nígbà tí akọ̀wé tuntun bá gba ipò. Láyé òde òní, ọmọ kan tó lọ sí yunifásítì á ti dìde pé, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ má dààmú, kọ̀ǹpútà lè bá yín dí àwọn àlàfo yẹn." Ṣé òótọ́ ni? Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ ó ní ibi tó mọ.

Ọgbọ́n tí ọmọ náà ń sọ, matrix completion ni àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè é. Mátíríìsì kò ju àtẹ nọ́ńbà lọ, nọ́ńbà tí wọ́n tò sí ìlà ìbú àti ìlà òòró, bíi ti ìwé akọ̀wé gẹ́lẹ́. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé: bí apá kan nínú àwọn nọ́ńbà náà bá sọnù, ìgbà wo la lè fi èyí tó kù rí èyí tó sọnù gbà padà?

Ẹ jẹ́ ká wá a lọ sí ìdí ààrò

Ká sọ pé ìyá alásè kan se oúnjẹ àríyá mẹ́ta. Ní àríyá kìíní, ó lo ìrẹsì àpò 2, òróró lítà 10, adìẹ 12. Ní ìkejì, ìrẹsì àpò 4, adìẹ 24, ṣùgbọ́n iye òróró ti pa rẹ́. Ní ìkẹta, ìrẹsì àpò 6, òróró lítà 30, iye adìẹ ni kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ti bá wọn dúró nídìí ààrò rí á dáhùn kíá: òróró àríyá kejì á jẹ́ lítà 20, adìẹ àríyá kẹta á jẹ́ 36. Báwo la ṣe mọ̀? Ọwọ́ kan náà ni ìyá yìí fi ń sè. Bí èrò bá di ìlọ́po 2, ohun gbogbo á di ìlọ́po 2. Nọ́ńbà 9 ló yẹ kó wà nínú àtẹ yẹn, àmọ́ bátànì 1 péré ló bí gbogbo wọn. Iye bátànì tó bí àtẹ kan ni wọ́n ń pè ní ráńkì rẹ̀. Ráńkì ti ìyá alásè yìí jẹ́ 1.

Àwa náà ṣáà mọ̀ pé àríyá wa kì í fi ìrẹsì nìkan parí. Àwọn àgbà á béèrè àmàlà. Bátànì kejì wọlé nìyẹn: èlùbọ́, ewédú, gbẹ̀gìrì. Àríyá kan á ní ìrẹsì púpọ̀ àti àmàlà díẹ̀, òmíràn á yí i padà. Bí àríyá bá tó 200, tí ohun èlò sì jẹ́ 50, àtẹ náà á gba nọ́ńbà 10,000. Síbẹ̀ bátànì 2 yẹn náà ló ń pò pọ̀ lóríṣiríṣi. Ráńkì 2 nìyẹn, nọ́ńbà tí kò tó 500 sì ti tó láti ṣàlàyé gbogbo 10,000 yẹn. Ìdí nìyí tí àtẹ tó kún fún ihò fi lè di odidi padà: ohun tó pa mọ́ sínú rẹ̀ kéré gan-an ju bó ṣe rí lójú lọ.

Mílíọ̀nù dọ́là nítorí ihò

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti di ariwo ni ilé iṣẹ́ Netflix ní Amẹ́ríkà. Nígbà yẹn, DVD ni wọ́n ṣì ń fi ránṣẹ́ sílé àwọn oníbàárà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2006, wọ́n kéde ìdíje kan. Wọ́n gbé máàkì 100,480,507 jáde fún gbogbo ayé. Oníbàárà 480,189 ló fún fíìmù 17,770 ní máàkì yìí, láti 1 dé 5. Ẹni tó bá lè fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ṣe dáadáa ju ẹ̀rọ Cinematch tiwọn lọ, nínú sísọ máàkì tí èèyàn máa fún fíìmù, á gba mílíọ̀nù kan dọ́là.

Ẹ wo bí ihò yẹn ṣe pọ̀ tó. Ká ní gbogbo oníbàárà ti wo gbogbo fíìmù ni, máàkì á lé ní bílíọ̀nù 8.5. Nínú ọgọ́rùn-ún àyè, ẹyọ kan àti díẹ̀ ló ní nọ́ńbà. Bí ìwé ẹgbẹ́ yín bá rí báyìí, wọ́n á ti yọ akọ̀wé.

Àmọ́ ìfẹ́ èèyàn sí fíìmù kì í ṣe ràdàràdà. Ẹnì kan fẹ́ràn ìjà, ẹnì kan fẹ́ ìfẹ́, ẹnì kan fẹ́ ẹ̀fẹ̀, ẹlòmíràn ń fẹ́ díẹ̀ nínú méjì. Ká gbà pé bátànì 10 ló wà. Nọ́ńbà tí a nílò láti fi ṣàlàyé gbogbo àtẹ náà kò tó mílíọ̀nù 5, bẹ́ẹ̀ máàkì tó lé ní mílíọ̀nù 100 ló wà nílẹ̀. Ohun tí a mọ̀ fi nǹkan bí ìlọ́po 20 pọ̀ ju ohun tí a ń wá lọ.

Ní ọdún 2009, ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ BellKor's Pragmatic Chaos gba ẹ̀bùn náà pẹ̀lú ìdá 10.06. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ The Ensemble gba iye kan náà gẹ́lẹ́, àmọ́ wọ́n fi iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn wọn. Wọ́n lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Netflix kò lo odidi iṣẹ́ tó gba mílíọ̀nù yẹn. Ní 2012, wọ́n ṣàlàyé pé ọ̀nà méjì láti ara iṣẹ́ ọdún 2007 ni àwọn mú lò, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì ni ọgbọ́n bátànì tí à ń sọ yìí. Wàhálà tó kù pọ̀ ju èrè rẹ̀ lọ.

Báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń ṣe é gan-an?

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti sọ ni èyí tí wọ́n máa ń fi ṣe ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn èkejì. Ẹ mú bátànì fíìmù bí ẹni pé ẹ ti mọ̀ ọ́n, kódà kó jẹ́ pé ẹ kàn fojú díwọ̀n rẹ̀ ni. Ẹ fi ìyẹn wá ohun tí èèyàn kọ̀ọ̀kan fẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ yí i padà: ẹ mú ti èèyàn bí ẹni pé ó dájú, ẹ fi tún ti fíìmù ṣe. Ẹ tún padà sí ti èèyàn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, títí nọ́ńbà kò fi ní yí padà mọ́. Wọ́n máa ń fi ìjánu díẹ̀ sí i, kí ẹni tó fún fíìmù méjì péré ní máàkì má baà di ẹni tí ẹ̀rọ sọ pé ó kórìíra gbogbo fíìmù tó kù.

Ọ̀nà kejì jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A fẹ́ àtẹ tí bátànì rẹ̀ kéré jù lọ, tó sì bá gbogbo nọ́ńbà tó wà nílẹ̀ mu. Kíka bátànì báyìí le gan-an fún kọ̀ǹpútà bí àtẹ bá ti tóbi. Ní 2002, Maryam Fazel, nínú iṣẹ́ ìwádìí tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Stanford, dá a lábàá pé dípò ká ka iye bátànì, ká ro agbára bátànì kọ̀ọ̀kan pọ̀, ká wá ibi tí àròpọ̀ náà ti kéré jù. Nuclear norm ni orúkọ àròpọ̀ yìí. Ìṣòro náà wá dà bí igbá: ibikíbi tí ẹ bá ti ju òkúta róbótó sínú igbá, ìdí igbá ló máa yí lọ. Kò sí kòtò ẹ̀tàn lójú ọ̀nà. Ní 2009, Emmanuel Candès àti Benjamin Recht fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé, bí àwọn ipò kan bá pé, ọ̀nà yìí á dá àtẹ padà bó ṣe wà gẹ́lẹ́, láìfi ẹyọ kan sílẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Candès àti Terence Tao fi hàn pé nọ́ńbà díẹ̀ sí i ti tó.

Lọ́dún 2010 yẹn kan náà ni Mazumder, Hastie àti Tibshirani gbé ọ̀nà kan jáde tí mo fẹ́ràn torí pé ọmọ ilé ìwé lè tẹ̀ lé e. Ẹ fi ìméfò kún ihò. Ẹ tú àtẹ náà sí bátànì bátànì. Ẹ gé iye kan náà kúrò lára agbára gbogbo wọn, kí èyí tí kò lágbára ti ibẹ̀ kú. Ẹ ṣe àtẹ tuntun láti ara àwọn tó yè, ẹ dá àwọn nọ́ńbà tó dájú padà sí àyè wọn, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Pé èèyàn lè tú àtẹ, kó mú bátànì tó lágbára jù, kó ju ìyókù nù láìpàdánù púpọ̀, kì í ṣe ohun tuntun: Eckart àti Young ti fi ìdí ẹ̀ múlẹ̀ láti 1936.

Àwọn ipò tó gbọ́dọ̀ pé

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò kọjá. Bí ìlà ẹnì kan bá ṣófo pátápátá, kò sí ọgbọ́n ìṣirò tó lè kún un. Bí ìyá alásè kò bá kọ iye adìẹ sílẹ̀ rárá ní àríyá kankan, adìẹ ti lọ nìyẹn. Ihò náà tún gbọ́dọ̀ fọ́n káàkiri. Omi tó pa ojú ìwé mẹ́ta léra burú ju eku tó jẹ ẹyọ ẹyọ lọ.

Ipò kẹta kan àwa tí à ń gbé láàárín àwọn ẹlòmíràn. Ohun tó bá wà ní ibì kan ṣoṣo nínú àtẹ, tí kò jọ ìyókù, kò ṣeé gbà padà bí àyè rẹ̀ bá pa rẹ́. Bí àríyá kan péré bá lo ìkókóre, tí nọ́ńbà yẹn sì sọnù, ẹ̀rọ á kọ òdo síbẹ̀ pẹ̀lú ìgboyà. Bákan náà, bó bá jẹ́ pé èèyàn díẹ̀ ló fún fíìmù Yorùbá ní máàkì nínú àtẹ kan, ẹ̀rọ kò ní rí bátànì wọn dáadáa, ohun tí èrò ń wò ló máa gbé wá síwájú wọn. Kì í ṣe ìkórìíra. Àkọsílẹ̀ ni kò tó. Ihò fíìmù gan-an kò sì fọ́n káàkiri bí ìmọ̀ ìṣirò ṣe fẹ́, torí ohun tó wuni la máa ń wò.

Ó kan ìwé owó ẹgbẹ́ wàyí

Ká sọ pé ₦1,000 ni owó oṣooṣù. Bátànì ibẹ̀ kò ṣòro: ₦1,000, ₦1,000, ₦1,000. Àmọ́ ta ló ń wá ìyẹn? Ẹni tí kò san ni akapò ń wá, àìsan sì ni ohun tí kò sí nínú bátànì. Ní 2011, Candès, Li, Ma àti Wright fi hàn pé èèyàn lè ya àtẹ sí méjì, bátànì lọ́tọ̀, ohun tó yà bàrá lọ́tọ̀. Bí kámẹ́rà bá ń wo ojú ọjà, ilé àti òpó iná tí kì í kúrò lójú kan ni bátànì, àwọn èèyàn tó ń kọjá ni ohun tó yà bàrá. Àmọ́ kámẹ́rà gbọ́dọ̀ ti rí ẹni náà kó tó lè yà á sọ́tọ̀. Ẹni tó bọ́ sínú ihò, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ó kọjá.

Nítorí náà, bí ẹ bá ní kí kọ̀ǹpútà kún ìwé owó, á kọ ₦1,000 fún ẹni tó jẹ gbèsè oṣù mẹ́ta tí ojú ìwé rẹ̀ ya. Tí ẹnì kan bá sì máa ń jẹ gbèsè lóòrèkóòrè, ó lè kọ gbèsè sí i lọ́rùn lóṣù tó san gan-an. Ìméfò báyìí wúlò fún ìṣètò, bíi kí ẹ mọ iye tó ṣeé ṣe kó wọlé lọ́dún tó ń bọ̀. Kò ṣeé fi bi ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Rìsíìtì àti àlátì báńkì ló lè ṣe ìyẹn. Bí ẹ bá sì kọ ìméfò sínú ìwé rárá, bírò pupa ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́.

Kí ẹ sì tó fi fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ bá yín ṣe é: Netflix yọ orúkọ gbogbo oníbàárà kúrò kó tó gbé máàkì jáde. Síbẹ̀, Arvind Narayanan àti Vitaly Shmatikov fi máàkì tí àwọn kan kọ sórí ìkànnì IMDb mọ àwọn kan nínú wọn. Ọ̀rọ̀ dé kóòtù ní 2009, Netflix sì pa ìdíje kejì tì ní 2010. Nínú ẹgbẹ́ tí gbogbo èèyàn ti mọra, kò tiẹ̀ ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.