Ìwé Ìtàn Ogun Kírìjì àti Ìpamọ́ Rẹ̀

Ogun Kírìjì, èyí tí Èkìtìparapọ̀, ìyẹn àjọṣe ọmọ ogun àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, bá Ìbàdàn jà, bẹ̀rẹ̀ ní 1878, nígbà tí Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí ṣíwájú nínú ìṣọ̀tẹ̀ sí àwọn ajẹ́lẹ̀, àwọn aṣojú tí Ìbàdàn fi ń ṣàkóso ìlú tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àdéhùn àlàáfíà wáyé ní 1886, àmọ́ 1893 ni àwọn ológun tó tú àgọ́ ká.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn ìwé tó sọ ìtàn ogun yìí ni The History of the Yorubas, tí Samuel Johnson, àlùfáà tó ṣe ìkọ̀ láàárín àwọn àgọ́ méjèèjì, parí ní 1897. Ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù ní Ìlú Òyìnbó, Johnson sì papòdà ní 1901. Obadiah, àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ dókítà, ló fi àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́kù tún un kọ. Nígbà tí wọ́n fi èyí náà ránṣẹ́ ní 1916, àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ òkun Appam tó gbé e, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà, nítorí náà 1921 ni ìwé náà tó jáde.

Ìdí nìyí tí ẹ̀dà 1921 fi níyì lójú àwọn tó ń ṣa ìwé àtijọ́ jọ. Ìdílé yòówù ní Èkìtì tó bá rí irú rẹ̀ nínú àpótí àwọn baba wọn, kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ ikán àti ọ̀rinrin.