Aṣọ Àlòkù ní Etíkun Accra

Kantamanto, ní àárín gbùngbùn ìlú Accra, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọjà òkìrìkà tó tóbi jù lágbàáyé. The Or Foundation, àjọ tó ń bá àwọn ọlọ́jà ibẹ̀ ṣiṣẹ́, fojú díwọ̀n rẹ̀ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 15 ẹyọ aṣọ ló ń wọ ọjà náà lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ra béèlì aṣọ kì í lè tú u wò kó tó sanwó. Bí èyí tó fàya tàbí tó lábàwọ́n bá pọ̀ nínú rẹ̀, ó ti jẹ gbèsè nìyẹn.

Kò yẹ ká bu ọlá àwọn ọlọ́jà yìí kù. Télọ̀ ń tún ṣẹ́ẹ̀tì gé, alágbàfọ̀ ń fọ̀ ọ́, aláró ń pa á láró padà. Iná jó ọjà náà níbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ọdún 2025, wọ́n sì tún un kọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí kò ṣeé tún ṣe pọ̀ ju agbára wọn lọ. Ààtàn Kpone, tí wọ́n ń kó irú rẹ̀ dà sí tẹ́lẹ̀, gbiná ní 2019, wọ́n sì tì í pa. Àgbàrá ń wọ́ aṣọ láti inú gọ́tà lọ sínú ọ̀sà Korle, ọ̀sà ń tú u sókun. Ní etíkun Jamestown, aṣọ lọ́ mọ́ra bí okùn nínú iyanrìn, àwọ̀n apẹja sì ń fà á jáde. Epo rọ̀bì ni wọ́n fi ń ṣe poliẹ́sítà. Kì í jẹrà, ńṣe ló ń já sí fọ́nrán tíntìntín tí ẹja ń gbé mì.

Àwọn oníṣẹ́ ọnà náà ń lo ohun àlòkù. Serge Attukwei Clottey, ọmọ Accra, ń gé kẹ́ẹ̀gì òróró sí wẹ́wẹ́, ó ń fi wáyà so wọ́n di ohun títẹ́ gbalasa bí aṣọ. Samuel Nnorom ní Nàìjíríà ń fi àjákù àǹkárá rán bọ́ọ̀lù kéékèèké, ó ń so wọ́n pọ̀ di ère. Iṣẹ́ wọn wú mi lórí, àmọ́ ìwọ̀nba ni ọnà lè gbà nínú ẹrù tí ọkọ̀ ń já.

Ilé kíkọ́ lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Faransé, ilé-iṣẹ́ FabBRICK, tí Clarisse Merlet dá sílẹ̀, ń lọ aṣọ àlòkù, wọ́n ń pò ó mọ́ gọ́ọ̀mù, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ di bíríkì. Kì í ṣe bíríkì tó lè ru òrùlé. Ògiri ìpín-yàrá àti ohun ìgbariwo ni wọ́n ń fi í ṣe. Ilẹ̀ Faransé yìí kan náà ti ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń ta aṣọ láti 2007, kí wọ́n lè fi kó àlòkù jọ. Ohun tí The Or Foundation ń bèèrè, tí mo sì gbà pé ó tọ́, ni pé kí irú owó bẹ́ẹ̀ máa tẹ̀lé aṣọ dé Kantamanto.